Ta Ni Yóò Wọn Ọpọlọ Àgbà Tí Kò Kàwé?

  Iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ dáadáa ní ilẹ̀ wa ni wọ́n ní kí n wá ṣe àlàyé rẹ̀ ní alẹ́ òní. Iṣẹ́ náà ni ti onímọ̀ ìhùwà ẹ̀dá tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, tí ó sì fi ọ̀rọ̀ ọpọlọ ṣe ojúlówó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Neuropsychology ni àwọn Òyìnbó ń pe ẹ̀ka ìmọ̀ yìí. Ní tèmi, ìmọ̀ ọpọlọ òun ìwà ni n ó máa pè é títí tí n ó fi parí ọ̀rọ̀ mi.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ Òyìnbó náà dẹ́rù bà yín. Bóyá ni ohun kan wà tí onímọ̀ yìí ń wá kiri tí èdè Yorùbá kò ti ní ọ̀rọ̀ fún. A ní orí, a ní ọpọlọ, a ní iyè, a ní ọkàn, a sì ní inú. Bí ènìyàn bá gbàgbé ohun tí ó yẹ kí ó rántí, a ní iyè rẹ̀ ra. Bí ó bá mọ nǹkan tètè, a ní ọpọlọ rẹ̀ pé. (Ẹ kíyè sí ohùn o! Ọpọlọ tí mo ń wí kì í ṣe ọ̀pọ̀lọ́ tí ń fò káàkiri nínú àbàtà.) Bí arúgbó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ tí kò bá ara mu, a ní ó ń ṣarán. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé bí a bá ti wí pé arúgbó ń ṣarán, ọ̀rọ̀ ti parí lójú tiwa. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ onímọ̀ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Yóò fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ àná ni ìyá náà ń gbàgbé, tàbí ọ̀rọ̀ ìgbà èwe rẹ̀. Ṣé orúkọ nǹkan ni kò rántí mọ́, tàbí ìwúlò nǹkan náà? Ṣé òjijì ni ó dé, tàbí ó ń yọ́ bọ̀ láti ọdún mélòó kan? Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan nínú wọn ń tọ́ka sí apá ibòmíràn nínú ọpọlọ, tàbí sí àìsàn mìíràn.

Kí a tó lọ síwájú, ó yẹ kí a ya iṣẹ́ yìí sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí ó sún mọ́ ọn. Oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ni ẹni tí ń la agbárí. Látúndé Odeku, ọmọ Awẹ́, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ náà yọrí, òun ni ó sì dá a sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí gbogbo wa ń pè ní UCH, ní 1962. Ẹni kejì ni dókítà tí ń tọ́jú wárápá, àrùn rọpárọsẹ̀ àti àwọn àìsàn iṣan òun ọpọlọ mìíràn. Benjamin Olúwákáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, jẹ́ àgbà pàtàkì nínú wọn, a ó sì tún dárúkọ rẹ̀ láìpẹ́. Ẹni kẹta ni dókítà tí ń tọ́jú wèrè àti ìdààmú ọkàn, irú èyí tí Thomas Adéoyè Lámbò jẹ́. Òun ni ó bẹ̀rẹ̀ ní 1954 sí í fi àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí, tí ẹbí aláìsàn ń bá a gbé ibẹ̀, tí yóò sì máa lọ gba ìtọ́jú lójoojúmọ́. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ Lámbò, ó tọ́ sí ètò mìíràn lọ́tọ̀.

Onímọ̀ ọpọlọ òun ìwà kì í mú ọ̀bẹ, kì í sì í gún ẹnikẹ́ni ní abẹ́rẹ́. Ìbéèrè ni irinṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán, ìtàn kúkúrú, iṣẹ́ ọwọ́ kéékèèké, aago tí ó fi ń ka ìṣẹ́jú, àti etí tí ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa. Láti inú bí ènìyàn ti ń ṣe nǹkan wọ̀nyí ni ó ti ń mọ apá ọpọlọ tí nǹkan ṣe, àti apá tí ó ṣì lágbára tí a lè gbé ìtọ́jú lé lórí. Ní ti ọ̀nà tí a ń gbà dé ìdí iṣẹ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́kọ́ gba oyè àkọ́kọ́ nínú sàíkọ́lọ́jì, èyí tí ó sábà máa ń gba ọdún mẹ́rin ní yunifásítì wa. Lẹ́yìn èyí ni yóò gba oyè kejì nínú ẹ̀ka tí ó jẹ mọ́ ilé ìwòsàn, tí yóò sì ṣiṣẹ́ lábẹ́ àgbà láàárín àwọn aláìsàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìwádìí tàbí kí ó di olùkọ́ ní yunifásítì yóò tún tẹ̀ síwájú gba oyè ọ̀mọ̀wé.

Àwọn aláìsàn ni ó kọ́ àwọn olùkọ́ ìmọ̀ yìí ní ẹ̀kọ́. Ní ìlú Paris ní 1861, dókítà kan tí ń jẹ́ Paul Broca rí ọkùnrin kan tí ó ń gbọ́ ohun tí a bá sọ, ṣùgbọ́n tí kò lè fèsì ju "tan, tan" lọ. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, Broca yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ó sì bá ibi tí ó ti bàjẹ́ ní apá òsì, ní ọwọ́ iwájú. Láti ìgbà náà ni a ti ní ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ sísọ ní ibùjókòó tirẹ̀. Èyí tí ó jọ mí lójú jù lọ ni ti ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Henry Molaison. Wárápá ń dà á láàmú púpọ̀púpọ̀, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní 1953, wọ́n yọ díẹ̀ kúrò nínú ọpọlọ rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Wárápá náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ kò lè fi ohun tuntun sí iyè mọ́. Brenda Milner, onímọ̀ ọpọlọ òun ìwà láti Montreal, ṣe àyẹ̀wò fún un fún ọ̀pọ̀ ọdún, síbẹ̀ bí àlejò ni ó ń rí lójú rẹ̀ nígbàkígbà tí ó bá dé. Milner ní kí ó máa fi pẹ́ńsù tọ ipa àwòrán ìràwọ̀ kan nígbà tí ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ nínú dígí. Lójoojúmọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ń já fáfá sí i, bẹ́ẹ̀ ni lójoojúmọ́ ni ó ń wí pé òun kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ó hàn gbangba nígbà náà pé iyè kì í ṣe ẹyọ kan. Iyè ọ̀rọ̀ wà, iyè ọwọ́ sì wà. Nítorí náà, bí a bá rí ìyá àgbà kan tí ó ti ń hun aṣọ ní Ọ̀wọ̀ láti ìgbà ọmọdé, tí kò rántí orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣì òwú mú nídìí òfì, kò yẹ kí a pè é ní ẹlẹ́tàn. Molaison kú ní 2008.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ojú títì tiwa. Ọ̀nà ọkọ̀ tí ó ti Àkúrẹ́ wá sí Ọ̀wọ̀, tí ó gba Ìfọ́n lọ sí Benin, kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kadà kò ṣàjèjì. Ọmọkùnrin kan ṣubú lórí ọ̀kadà, ó fi iwájú orí gbálẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, egbò jinná, ó ń rìn, ó ń jẹun, ó ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì ní kí ó máa lọ sílé. Lẹ́yìn oṣù méjì, àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ọmọ tí ó ní sùúrù tẹ́lẹ̀ ti di oníjà. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kì í parí rẹ̀. Ní kíláàsì, ó ń wo ojú fèrèsé. Àwọn kan ní ayé ni ó ń bá a jà, olùkọ́ rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Phineas Gage, òṣìṣẹ́ ojú irin kan ní Amẹ́ríkà, kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí. Ní 1848, ọ̀pá irin la iwájú orí rẹ̀ kọjá. Kò kú, kò yarọ, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kì í ṣe Gage tí àwọn mọ̀ mọ́. Ibi tí ó wà lẹ́yìn iwájú orí ni a fi ń pète, tí a fi ń pa ara wa mọ́ra. Onímọ̀ wa yóò fún ọmọkùnrin ọlọ́kadà yìí ní iṣẹ́ tí ó gba ètò àti ìfarabalẹ̀, yóò mọ ibi tí ó ti ń kọsẹ̀, yóò sì kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé kí wọ́n máa fún un ní iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ó sinmi láàárín, kí wọ́n sì jókòó rẹ̀ síbi tí ariwo kò pọ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, bẹ́ẹ̀ ni lílé ọmọ bẹ́ẹ̀ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ kọ́ ni ìtọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ìpín tiyín nínú ìtàn yìí. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ wa, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí wọ́n ń ráhùn pé orí ń gbóná, pé nǹkan ń rìn lórí, pé ohun tí wọ́n ń kà kò wọlé mọ́. Òun ni ó sọ orúkọ náà, brain fag, di ohun tí a ń kà nínú ìwé àwọn dókítà. Iṣẹ́ onímọ̀ wa ni láti ya àárẹ̀ àti ìbẹ̀rù ìdánwò sọ́tọ̀ kúrò lára àìsàn ọpọlọ gan-an, nítorí ìtọ́jú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Wàyí o, báwo ni a ṣe ń wọn ìrònú? Nídìí ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a pẹ́ sí díẹ̀. Ní 1975, Marshal Folstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìdánwò kúkúrú kan jáde tí ó tàn káàkiri gbogbo àgbáyé. Máàkì 30 ni gbogbo rẹ̀. Bí àgbàlagbà kò bá tó máàkì 24, wọ́n a máa fura pé àìsàn ìgbàgbé ti ń wọlé. Ẹ jẹ́ kí a gbé ìdánwò yìí lọ sí Ìdásẹ̀n ní Ọ̀wọ̀, sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tí a kò rán lọ sí ilé ẹ̀kọ́ rí, ṣùgbọ́n tí ó ń ná ọjà fúnra rẹ̀, tí ó mọ iye tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan jẹ ẹ́, tí wọ́n sì ń pè nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ ẹbí bá ta kókó. Wọ́n ní kí ó ka gbólóhùn kan, kí ó sì ṣe ohun tí ó kà. Máàkì kan lọ. Wọ́n ní kí ó kọ gbólóhùn kan sílẹ̀. Máàkì kejì lọ. Wọ́n ní kí ó fi pẹ́ńsù ya àwòrán onígun márùn-ún méjì tí ó wọnú ara wọn. Ọwọ́ rẹ̀ kò mú pẹ́ńsù rí, ẹ̀kẹta lọ. Wọ́n wá ní kí ó máa yọ méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún nígbà márùn-ún, tàbí kí ó pe álífábẹ́ẹ̀tì ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Máàkì márùn-ún ni ti èyí. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ. Bí ìyá náà bá tilẹ̀ gba gbogbo èyí tí ó kù láìṣì ẹyọ kan, 22 ni yóò ní. Ìwé yóò wí pé iyè rẹ̀ ti ń ra, kò sì sí ohun kan tí ó ṣe ìyá náà ju pé kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ tún fetí sí ìṣirò méje yẹn ní èdè tiwa. Ọgọ́rùn-ún, ó di mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún, ó di mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, ó di mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ó di méjìléláàádọ́rin, ó di márùndínláàádọ́rin. Ìyọkúrò àti ìròpọ̀ wà nínú orúkọ iye fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá wí pé mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ti yọ mẹ́rin kúrò nínú àádọ́rùn-ún, àádọ́rùn-ún náà sì jẹ́ ọgọ́rùn-ún tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tí Òyìnbó ṣe lẹ́ẹ̀kan ni Yorùbá ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti gbọ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé fúnra wọn sá sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí wọ́n bá dé ọgọ́rin!

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Alexander Luria, ọmọ Rọ́ṣíà, tí a kà sí ọ̀kan nínú àwọn baba ìmọ̀ yìí, lọ sí Uzbekistan ní 1931 àti 1932 láti bi àwọn àgbẹ̀ tí kò kàwé ní ìbéèrè. Ó sọ fún wọn pé ní ọ̀nà jíjìn ní àríwá, níbi tí yìnyín wà, funfun ni gbogbo béárì. Ìlú kan wà ní àríwá náà. Irú àwọ̀ wo ni béárì ibẹ̀ ní? Àwọn kan fèsì pé àwọn kò dé ibẹ̀ rí, àwọn kì í sì í sọ ohun tí àwọn kò fi ojú rí. Lójú ẹni tí ń fún ni ní máàkì, wọ́n kùnà. Lójú tèmi, àgbà tí kò fẹ́ jẹ́rìí èké ni wọ́n. Luria pàápàá kò pè wọ́n ní aláìsàn. Ó rí i pé ilé ẹ̀kọ́ ni ó ń kọ́ni ní irú eré ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a ṣe ní Ìdíkàn ní Ìbàdàn ni mo fẹ́ fi dáhùn ìṣòro yìí. Ní 1992, Ọ̀ṣúntókun tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan àti Hugh Hendrie ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àìsàn ìgbàgbé láàárín àwọn àgbà Yorùbá ní Ìdíkàn àti àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis. Ọ̀ṣúntókun kú ní 1995, ṣùgbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì, Oyè Gureje, Olúṣẹ́gun Baiyewu àti àwọn mìíràn kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà dúró. Wọn kò gbé ìdánwò Folstein lé àwọn àgbà lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Òmíràn ni wọ́n lò, èyí tí Kathleen Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe láàárín àwọn ọmọ onílẹ̀ tí a ń pè ní Cree ní Kánádà, tí a sì tún ṣe kí ó lè bá Yorùbá mu. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n sì túmọ̀ Yorùbá náà padà sí Gẹ̀ẹ́sì láti mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ti yẹ̀. Apá méjì ni ó ní: ọ̀kan fún àgbà fúnra rẹ̀, ìkejì fún ìbátan tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa.

Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde jáde ní 2001, lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ̀ lé àgbà 2,459 ní Ìbàdàn àti 2,147 ní Indianapolis, tí gbogbo wọn jẹ́ ẹni ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó yani lẹ́nu. Àìsàn ìgbàgbé tí a ń pè ní Alzheimer ń mú ènìyàn 2.52 nínú 100 lọ́dọọdún ní Indianapolis. Ní Ìbàdàn, 1.15 ni. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí ohun tí ó fà á. Àwọn kan ń wo oúnjẹ, àwọn kan ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti ohun tí ènìyàn jogún nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: bí ó bá jẹ́ òṣùwọ̀n àwọn akàwé ni wọ́n gbé lọ sí Ìdíkàn, ṣé àbájáde yìí ìbá jáde? Wọn ìbá padà wá wí fún ayé pé àwọn arúgbó Yorùbá ti ra níyè tán.

Síbẹ̀, ìṣòro pẹ́ńsù ṣì kù. Ẹ̀yà ọpọlọ kan wà tí a fi ń to nǹkan pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ojú ti rí i, àwòrán yíyà ni wọ́n sì fi ń dán an wò. Baiyewu, Frederick Unverzagt tí ó jẹ́ onímọ̀ ọpọlọ òun ìwà ní Indiana, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ronú sí i, wọ́n sì gbé ìdánwò mìíràn jáde ní 2005. Igi ìṣáná ni wọ́n fi ṣe é! Olùdánwò yóò to igi ìṣáná mélòó kan ní ọ̀nà kan, yóò sì ní kí àgbà to tirẹ̀ bákan náà. Ta ni kò mú ìṣáná lọ́wọ́ rí? Ẹni tí ó bá kùnà níbi ìṣáná, a lè bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ọpọlọ rẹ̀. Ẹni tí ó kùnà níbi pẹ́ńsù, ó lè jẹ́ pẹ́ńsù ni kò mọ̀ ọ́n lò. Nǹkan kékeré ni igi ìṣáná, ṣùgbọ́n ní tèmi, nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí, kò sí èyí tí ó dùn mọ́ mi tó o.

Bíbi ìbátan léèrè náà ní ìdí. Ní ilé wa, àgbà kì í dá oúnjẹ, ọmọ ni ó ń dá a. Kì í lọ gba owó ní báǹkì, ọmọ ni ó ń lọ. Iyè bàbá lè ti ra fún ọdún mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, nítorí kò sí iṣẹ́ tí yóò tú u fó. Ìgbà tí ó bá jáde lóru tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́ ni ẹnu tó máa ń yà wá. Bí ó bá sì jẹ́ ìyá àgbà ni, tí ó ń sọ̀rọ̀ sí ẹni tí a kò rí, tí ó ń pe òkú lórúkọ, àwọn kan yóò ní àjẹ́ ni, wọn yóò sì ní ó ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra ni wọ́n pè ní ìjẹ́wọ́ yẹn. Mo rò pé ìwé àyẹ̀wò kan láti ọwọ́ onímọ̀ yìí, tí a kà sí etí mọ̀lẹ́bí ní èdè tí wọ́n gbọ́, lè gba irú ìyá bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ òkò àti ìtìjú.

Ẹ má ṣe rò pé èyí tí a ṣe fún Ìdíkàn ti tó fún Ọ̀wọ̀. Ohùn Ọ̀wọ̀ kì í ṣe ohùn Ìbàdàn. Bí wọ́n bá ka ọ̀rọ̀ mẹ́wàá fún àgbà Ìdásẹ̀n ní Yorùbá inú ìwé kí ó lè kà wọ́n padà, tí ó sì pe òmíràn ní ohùn ilé rẹ̀, kò gbọdọ̀ pàdánù máàkì. Bí wọ́n bá ní kí ó dárúkọ gbogbo ẹranko tí ó bá lè rántí láàárín ìṣẹ́jú kan, ọdẹ yóò ṣe é ju aláṣọ lọ, kì í sì í ṣe nítorí pé ọpọlọ rẹ̀ pé jù. Bí kò bá sì mọ ọdún tí wọ́n bí i, kí a bi í bóyá ó ti ń rìn nígbà tí Ọba Ọlátẹ́rù Ọlágbẹ̀gí Kejì gorí oyè ní 1941, tàbí bóyá ó ti bí àkọ́bí rẹ̀ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà ní 1973. Kọ́ḿpásì kọ́ ni yóò ṣe èyí. Ẹni tí yóò ṣe é ni ẹni tí ó gbọ́ ohùn ibẹ̀, tí ó mọ bí a ti ń kí àgbà láàárọ̀, tí yóò sì dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ kí ó tó béèrè lọ́wọ́ ìyá tí ó tó ìyá rẹ̀ bí pé, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ọjọ́ wo ni òní?" Bí ó bá béèrè rẹ̀ láìkí i, ìdákẹ́jẹ́ ni yóò gbà, yóò sì kọ òdo sínú ìwé rẹ̀.

N ó dúró níbí ná, kí àwọn tí a jọ jókòó lè béèrè ohun tí kò bá yé wọn.